Ohun tí Ikhlas Sọ Níwájú Alága

Bọ̀dá Mukhtar,

Àsàlámù aláékúmù. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ, mo sì kí onílé yín ní Kánò tí ẹ ní kì í rẹ́rìn-ín. Ìfúnpá màmá ti wálẹ̀, ohùn wọn nìkan ni kò tíì wálẹ̀. Òrùlé pálọ̀ ṣì ń jò. A ti ra korobá kejì, ìyẹn la ń pè ní àtúnṣe.

Bọ̀dá, ojú ń tì mí. Káńsù pe àwọn adití tó ń ránṣọ ní Òkè Fìà sí ìpàdé, kí wọ́n sọ èrò wọn nípa ibi tuntun tí wọ́n fẹ́ kó wọn lọ. Nítorí Ikhlas àbúrò wa, èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Ikhlas dìde, ó fọwọ́ sọ̀rọ̀: "Ibi tí tírélà ti ń fẹ̀yìn rìn lẹ fún wa. Ta ni yóò máa bá wa gbọ́ họ́ọ̀nù?"

Alága káńsù yíjú sí mi. "Àbúrò, kí ló sọ?"

Ìwé tí mo fi ń wáṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun, ibẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú Ikhlas dùn, ó rò pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ òun.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa fọwọ́ sí òfin tí yóò kó wọn lọ síbẹ̀. Màá sọ òótọ́ fún alága kó tó dìgbà náà, ṣùgbọ́n Ikhlas ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàdúà fún mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọwọ́ náà sì ni mo fi ń bá Ikhlas sọ̀rọ̀.

Àbúrò yín,
Abdulhameed