Kùkúmbà Tí Mo Gbìn Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Mi Kán

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò mi, ẹ kú àdúrà. Gàníyù yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ajah. Sìdí, àbúrò mi, ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí, mo kí ọ. Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, kódà bí Màmá bá ní kí o dúró. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn gbé lẹ́tà yìí jáde, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ àjò tó ń parọ́ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Màmá, irọ́ ni mo pa. Nígbà Iléyá tí mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wálé, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló kán. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú Iléyá, mò ń lẹ táìsì sára ògiri ilé kan ní Lekki, pákó tí mo dúró lé yẹ̀, mo sì já bọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, lábẹ́ orúnkún. Dókítà tò ó, ó dì í, ó ní mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún yín. Ikú Bàbá kò tíì pẹ́, mo sì mọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe máa ń ru.

Ilé tí mò ń gbé ní Addo, ní Ajah níbí, ní àgbàlá kékeré lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀, tí mo ń wo ògiri. Àwọn ayálégbé yòókù á ti lọ síbi iṣẹ́, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan ju kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń kọjá lójú títì. Ìyá onílé wa, àgbàlagbà ọmọ Ìkátẹ́, ló sọ pé ohun tí mò ń ṣe yẹn ò dáa. Ó ní ẹsẹ̀ mi ló kán, ọwọ́ mi ò kán. Ó da hóró kùkúmbà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n wá nǹkan ṣe.

Mo rò pé ọmọ àgbẹ̀ bíi tèmi ò lè pòfo. Mo pòfo. Yanrìn ni ilẹ̀ ibí, omi kànga wa sì níyọ̀ nínú, òun náà ni mo ń bù sí i nínú oòrùn. Ewé méjì-mẹ́ta yọ, etí wọn sun, wọ́n kú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ yanrìn, mo kọ ebè, mo tún un gbìn. Ó hù! Ewé rẹ̀ jọ ti ẹ̀gúsí yín débi pé mo máa ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń kí ará ilé. Àsìkò yẹn ni wọ́n tú ẹsẹ̀ mi. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń tiro tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan tó mi, mo ri ìkejì mọ́lẹ̀ kí ìtàkùn lè gùn ún.

Òjò oṣù kẹfà wá dé. Màmá, ẹ ò mọ òjò Ajah. Omi kún àgbàlá, kò fà fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo gbòǹgbò rà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọdé, kì í sì í ṣe nítorí kùkúmbà nìkan. Ìyá onílé jókòó tì mí, kò bá mi wí. Ó ní ní Ìkátẹ́ tó wà létí ọ̀sà, àwọn kì í bá omi jà, ńṣe ni àwọn máa ń gbé nǹkan àwọn sókè.

Mo lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mélòó kan, mo tò wọ́n sórí búlọ́ọ̀kù, mo sì tún gbìn nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Òdòdó yọ, ó ń rẹ̀ dànù, torí pé oyin kì í wọ àgbàlá wa. Ìyá onílé ní kí n mú ìyẹ́ adìẹ, kí n máa fi kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ sínú abo láràárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Àná ni mo ká mẹ́rin àkọ́kọ́. Mo gbé wọn lọ fún Ìyá onílé láìlo ọ̀pá kankan. Ó gbà wọ́n, ó gbóòórùn wọn, ó wá bi mí bóyá ìyá mi ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi kán. Mo ní rárá. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní òun náà lọ́mọ lókè òkun, tó máa ń sọ fún òun ṣáá pé kò sí wàhálà, òun ò sì mọ ohun tó ń ṣe ọmọ òun mọ́. Ó ní òun ò ní fẹnu kàn án àfi tí mo bá sọ fún yín.

Mo rò pé mò ń ṣàánú yín ni. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni mò ń sọ ara mi di àlejò lọ́dọ̀ yín. Ẹ foríjì mí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Táìsì ilẹ̀ nìkan ni mò ń lẹ báyìí, mi ò tíì gun pákó. Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé, mo ti ń tọ́jú omi òjò pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ pè mí lẹ́yìn náà. Ẹ má sunkún o, Màmá. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni màá fi rìn lọ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàníyù