Ọtí Délé ti kan

Àkúrẹ́, alẹ́ Sátidé

Ẹnu mi ṣì ń kan títí di ìsinsìnyí. Mo ti jẹ obì lé e, kò lọ.

Délé ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n wá sí Ọ̀bà-Ilé wá tọ́ ọtí òun wò. Látìgbà tí iléeṣẹ́ ọtí ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ló ti ń fi ọkà bàbà pọntí lẹ́yìnkùlé. Ó ní èyí fúyẹ́, pé torí ooru ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an lòun ṣe ṣe é.

Ẹni tó bá gbé ọtí kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Délé mu tiẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ń wo ẹnu mi.

"Ṣó o rí i bó ṣe ń lọ wẹ́rẹ́?"

Ọtí ti kan gógó. Mo gbé e mì, mo ní ó dáa.

Ìyàwó ẹ̀ sìn mí dé títì. "Bàbá Tóbi, ẹ ṣeun. Látìgbà tó ti ṣàìsàn lọ́jọ́sí, ẹnu ẹ̀ ò mọ dídùn yàtọ̀ sí kíkan mọ́. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́."

Ọdún burúkú lèyí. Iṣẹ́ ọtí nìkan ni Délé mọ̀. Tí mo bá sọ fún un...

Kí n tó kúrò, Délé ní torí pé mo yin ọtí náà, òun á gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ fáwọn tó ń ta ọtí lọ́jà Isikan ní Mọ́ńdè. Òun náà ló máa kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Á rẹ́rìn-ín, á wá máa wo ẹnu wọn.