Àgbà Ọ̀jẹ̀ àti Ọkọ̀ Tí Kì Í Dún

Ilé kejì lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ yín ńkọ́? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lọ́jọ́sí, mo gbà á ládùúrà pé ó ti fò lọ. Àwa náà wà dáadáa níbí. Ẹ̀rín ló kàn fẹ́ pa wá.

Ẹ rántí Àgbà Ọ̀jẹ̀, ọkọ̀ Bàbá tí wọ́n fi gbé yín wálé láti ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n bí yín. Ó ṣì ń rìn, àmọ́ ó ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Lóṣù tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ mi ra ọkọ̀ ìgbàlódé kan tó ń lo epo, tó tún ń lo bátìrì. Tó bá ń lọ, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní, "Ọkọ̀ tí kò dún, ṣé ó wà láàyè?" Ọkọ mi fèsì pé kò dún lóòótọ́, àmọ́ kì í jẹun púpọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ìdíje, ká wo ọkọ̀ tó máa fi ìwọ̀n epo kan náà rìn jìnnà jù. Bàbá ní bí Àgbà Ọ̀jẹ̀ bá fìdí rẹmi, àwọn á tà á láìwẹ̀yìn. Ẹ sì mọ̀ wọ́n, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì; ohun tí wọ́n bá ti sọ, ó parí.

Mẹkáníìkì wa fa epo inú ọkọ̀ méjèèjì gbẹ, ó wá bu líta márùn-ún márùn-ún sí wọn. Màmá wọ ọkọ̀ Bàbá, wọ́n ní àwọn ò lè fi ọkọ àwọn sílẹ̀ lójú ogun. Èmi wọ ti ọkọ mi. Ọ̀nà tó yí ìlú po la gbà. Nígbà tó di kìlómítà méjìdínlógójì, Àgbà Ọ̀jẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ síwájú ilé ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tá a yípo dé ọ̀dọ̀ wọn, Màmá ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn juwọ́ sí wa pé ká máa lọ. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà ó lé mẹ́ta la rìn kí tiwa tó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ náà, wọ́n rọra ń nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi: "Pe ẹni tó ń ra irin àlòkù wá. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi, omi bọ́ lójú mi.

Ọpẹ́lọpẹ́ mẹkáníìkì tó wá gbé irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà ṣì le koko, bẹntiróòlù nìkan ló ń fìyà jẹ wá. Òun lè so sílíńdà gáàsì mọ́ búùtù rẹ̀, gáàsì ò sì wọ́n tó epo. Bàbá fò sókè: "Kí n gbé gáàsì sẹ́yìn ìyàwó mi, kó lọ bú gbàù?"

Màmá yọjú lójú fèrèsé. "Ogójì ọdún ni mo ti ń dúró ti gáàsì nílé ìdáná. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rù fún mi rí?"

Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ńkọ́?"

"Ẹ ní ẹ ó tà á, ẹ ò sọ ẹni tẹ́ ẹ máa tà á fún. Ẹ tà á fún mi."

Bí Màmá ṣe di ọlọ́kọ̀ nìyẹn, tí Bàbá di dẹrẹ́bà. Wọ́n ti so gáàsì náà, mẹkáníìkì sì yẹ ẹ́ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra. Owó tó ń lọ lórí ọkọ̀ náà ò tó ìdajì tàtẹ̀yìnwá mọ́.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níjẹta, Bàbá jẹ́wọ́ fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ ilé tí wọ́n máa ń sọ fún yín ló ń dí àwọn lọ́wọ́ láti wá wo ìkókó yín. Epo tó máa gbé àwọn dé ọ̀dọ̀ yín ni agbára àwọn ò ká, ojú sì ń ti àwọn láti sọ. Ní báyìí, ọlọ́kọ̀ ti pàṣẹ fún dẹrẹ́bà rẹ̀: ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbéra. Wọ́n fẹ́ kó bá yín lójijì ni o, torí náà, ẹ tún yàrá ṣe, kẹ́ ẹ sì ya ẹnu gbàgà tẹ́ ẹ bá rí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ sì gbé ìkókó jó fún mi.

Èmi àbúrò yín tí ò lè pa àṣírí mọ́,
Olófòófó.