Ìgbà Díẹ̀ Tí Prof Sọ

Abidjan, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹnu mi yìí máa kó bá mi lọ́jọ́ kan.

Prof, olùkọ́ wa, sọ ní kíláàsì pé ìjọba ṣì máa fi gáàsì ṣe iná mànàmáná fún ìgbà díẹ̀, tí iná oòrùn bá ti pọ̀, wọn ò ní lo gáàsì mọ́. Mo lọ tún un sọ nídìí oúnjẹ, níwájú Bàbá, wẹ́dà tó ń jó páìpù gáàsì pọ̀ ní Vridi lẹ́bàá èbúté, àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣẹ́gun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Bọ̀dá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Madamu minísítà, jẹ atiékẹ́ ẹ, kó o fi ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀."

Bàbá bi mí pé, "Ìgbà díẹ̀ yẹn, ọdún mélòó ni?"

Mo ní prof ò sọ.

"Bá mi bi í lọ́la."

Bọ̀dá ò jẹun mọ́. Bí prof bá wá sọ pé ọdún díẹ̀ péré ló kù fún iṣẹ́ gáàsì ńkọ́? Èmi náà ni mo máa gbé ìròyìn yẹn wálé fún Bọ̀dá.