Èmi Ni Mo Purọ́ fún Ọnọ́rébù, Kì Í Ṣe Mummy Dàmọ́lá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Láti Ìkòsí níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, kí n tó kí Màámi àti Ẹ̀gbọ́n Sùlé àti gbogbo ará ilé wa ní Ṣakí. Ara mi le. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tí mo ń ṣe ní Kétu ṣì wà lọ́wọ́. Òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, mi ò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ bí mo ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Sùlé fi fóònù gbé ohùn mi lórí rédíò sí yín létí, ẹ ní inú yín dùn pé ọmọ tí ẹ rán lọ sí yunifásítì ti di agbẹnusọ àwọn tálákà. Ẹ ní kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí náà gbọ́ ọ. Bàbá mi, irọ́ ni mo pa.

Yàrá mẹ́wàá ni ó wà nínú ilé tí mo ń gbé, balùwẹ̀ kan ṣoṣo. A kọ orúkọ gbogbo ayálégbé sára ògiri. Ẹni tí ó bá kàn ni yóò fọ balùwẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ọnọ́rébù, aṣòfin àdúgbò wa, bá wa gbé ilé yìí kí ó tó wọlé ìbò. Ó ṣèlérí lójú gbogbo wa pé òun kò ní kó lọ. Mo gbà á gbọ́, mo sì bá a pín ìwé ìpolongo láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìbò, ó ti yàrá rẹ̀ pa, kò sì sùn níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti kàn án, aládùúgbò mi, Mummy Dàmọ́lá, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó máa ń bá a fọ̀ ọ́. Mummy Dàmọ́lá ní kí a má pa orúkọ Ọnọ́rébù rẹ́ lára ògiri, pé iṣẹ́ ìjọba ni kò jẹ́ kí ó ráyè.

Àwọn oníròyìn wá gbé e jáde pé ó ti ra ilé ńlá sí èsìtéètì kan ní Mẹ́ńdè, pé òkúta òkè òkun ni ó fi tẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀, pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń bá a rán aṣọ kóòtù. Mo pe ètò rédíò. Mo ní àwọn ọ̀tá ni wọ́n ń bà á jẹ́, pé ó ṣì ń bá wa gbé, ó sì ń fọ balùwẹ̀ bí ó bá kàn án, pé ẹnu gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Olóòtú bi mí pé ìgbà wo ni ó fọ balùwẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ní Sátidé tó kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, akọ̀ròyìn kan wá sí ilé nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Mummy Dàmọ́lá ti gbọ́ mi lórí rédíò. Kí ojú má baà tì mí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí Ọnọ́rébù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Nínú ìwé ìròyìn, wọ́n tẹ àwòrán Mummy Dàmọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ọnọ́rébù tí ó ń ṣí ilé tuntun rẹ̀ ní Sátidé yẹn gan-an. Wọ́n pe Mummy Dàmọ́lá ní òpùrọ́ tí a háyà.

Bọ̀dá Jẹ́lílì awakọ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, kì í pe orúkọ mi mọ́. Ó ní Agbẹnusọ, ta ló rán ẹ níṣẹ́, àbí balùwẹ̀ Mẹ́ńdè lo rí tí o pè é ní tiwa? Ọmọ iṣẹ́ Ọnọ́rébù náà pè mí: ó ní Ọ̀gá dúpẹ́, kí n tún pe rédíò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí Mummy Dàmọ́lá fi kíláàsì àwọn ọmọdé sílẹ̀ ná. Kò bá mi wí. Ó kàn ń wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, á sì jókòó sí yàrá.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín nínú ìwé ìròyìn kan náà tí ó tẹ orúkọ Mummy Dàmọ́lá, dípò kí n pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbọ́ èyí náà, bí ó tilẹ̀ máa dójú tì yín.

Mo ka lẹ́tà yìí sí Mummy Dàmọ́lá létí kí n tó fi ránṣẹ́. Kò ní kí n yọ ohunkóhun. Ó kàn béèrè bóyá àwọn ọmọ kíláàsì òun ti rí ìròyìn àkọ́kọ́ yẹn kà.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti Màámi sí, kí ó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi di ẹ̀gàn fún yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni Ràfíátù, ọmọ yín.