Ọ̀kadà Orí Omi Tí A Ṣàdúà Fún Títí Ó Fi Jóná

                                        Agboolé Oníhùmọ̀,
                                        Ìtòkú,
                                        Abẹ́òkúta,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Herbert, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni gbogbo yín ní Papalanto? Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ wà, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó dìde nílẹ̀ láìpe ènìyàn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ kò tíì ju tèmi lọ? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Mo sì ń gbàdúà kí ìjì má gbé páànù ilé rẹ lọ, èyí tí mo ti ń sọ fún ọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé ìṣó rẹ̀ ti ń yọ. Mo mọ̀ pé o kò tíì kàn án. Mo kàn ń bèèrè ni.

Ní tèmi, ara le, bí a bá yọwọ́ oorun tí n kì í rí sùn, ẹ̀yìn tó ń dùn mí, àti àyà tó ń já mi. Ṣùkúrátù ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó ní kí n má fi àníyàn mi kó àìsàn ràn ọ́. Mo ní lẹ́tà kì í ranni.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lápò mi. Etí pọ̀ nílé yìí, Herbert. Etí tìrẹ sì ti di. Bí mo bá pariwo ọ̀rọ̀ yìí sí ọ lórí fóònù, gbogbo Ìtòkú ni yóò gbọ́ ọ kí ìwọ tó gbọ́. Olúbọ̀dé, awakọ̀ tó ń ná Papalanto, ni yóò mú un wá fún ọ. Bí o bá kà á tán, fi dáná.

O rántí Àmínù, àbíkẹ́yìn mi, tó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, tí a kò gbúròó rẹ̀ títí tí Ṣùkúrátù fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ṣàánú wa, ó padà wálé, ó rù kan egungun. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe. Nígbà tí ọdún yìí wọlé, ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá, ọ̀kadà orí omi ni mo fẹ́ rà."

Mo ní, "Èwo ló tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣí fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwọn òyìnbó gun nǹkan bí alùpùpù, wọ́n ń fi sáré lórí òkun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní ìyá nílé. Jẹ́tì-sìkí ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun yóò máa fi gbé àwọn tó bá wá ṣe fàájì káàkiri lórí adágún omi Ọ̀yán, pàápàá lásìkò Iléyá. Mo ní èrò tó dára gan-an ni. Gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kú lórí ilẹ̀ la ti dán wò tán, ó ku ti orí omi.

Ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Èyí ni mo fẹ́ gbìyànjú gbẹ̀yìn, Bàbá. Bí kò bá yọrí, ẹ má dá mi dúró mọ́." Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú báàgì dúdú tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Báàgì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wò láràárọ̀ kí n tó lọ ṣe àlùwàlá. Mo gbà fún un. Kí ni ǹ bá ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ń fura sí omi inú garawa ṣe di ẹni tó ń fi ojú méjèèjì wá ọ̀kadà orí omi kiri.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tòkunbọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi tà. Ẹni tó bá ti ta tòkunbọ̀ rí mọ iye irọ́ tí wọ́n ń kùn mọ́ ọn lára kó tó dán. Mo sọ fún Àmínù pé n kò wá arẹwà. Èyí tí yóò ṣiṣẹ́ kó sì dákẹ́ ni mo ń wá, èyí tí kò ní máa bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, tí a kò ní máa gbé sáré lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì bí ọmọ tí gìrì mú. Ìwọ tí o fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe lo kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀. O ní kí n sá fún èyí tó ti ṣiṣẹ́ lórí omi iyọ̀, torí inú ni iyọ̀ ti ń jẹ irin. O ní kí n má fẹ́ èyí tí wọ́n fi nǹkan tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ́ńjìnì rẹ̀ kó lè máa fò bí ẹyẹ, torí ọjọ́ tí irú rẹ̀ bá bàjẹ́ la ó pe ẹbí jọ. Kí n wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Kí n tọwọ́ bọ ìdí rẹ̀, kí n fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti omi, bóyá òkúta ti bù ú jẹ. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni há súrà.

Ọ̀dọ̀ Láńre ní Adigbe la lọ, ọmọkùnrin kan tó ń ta fìríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, tó sì ti wá ń ta ọkọ̀ orí omi báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi, Alájì Abdulbaqi, olórí ẹbí wa, bá wa lọ, torí wọ́n ní èmi nìkan yóò máa wo eruku títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Méjì la bá ní àgbàlá rẹ̀. Ọ̀kan pupa fòò, ó ń dán bíi bàtà ìyàwó. Èkejì ti pupa rí, ṣùgbọ́n oòrùn ti sọ ọ́ di aláwọ̀ gbẹ̀gìrì, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ewúrẹ́ kan sùn sábẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ dìde kí wa.

Láńre fà wá lọ sídìí èyí tó ń dán. "Alájì, èyí ò ní wàhálà kankan. Dókítà kan ló ni ín, ẹ̀rù omi sì ń ba dókítà náà. Ó kàn máa ń jókòó lé e lórí ni."

Mo ní, "Lórí ilẹ̀?"

"Lórí ilẹ̀ ni, Alájì."

Mo ti tọwọ́ bọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Iyanrìn funfun bíi ti etí òkun ló bá ọwọ́ mi jáde. Mo nà án sí i. "Èyí ńkọ́? Ṣé dókítà máa ń fi í pọn iyanrìn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti jù, Alájì! Wọ́n máa ń gbé e lọ gba afẹ́fẹ́ létí òkun ni."

Olóòótọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú Àmínù ti lọ sára pupa náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ọmọ ilé àwọn kò ní gun gbẹ̀gìrì lójú ayé. Pupa la gbé wálé.

Ìwọ náà mọ àṣà ilé wa. Ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnì, ìbáà jẹ́ mọ́tò, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, kì í tíì di tiwa àfi bí a bá tan án, tó ń dún, tí a sì ṣàdúà lé e lórí. Bàbá wa a máa sọ pé a kì í ṣàdúà fún irin tó ń sùn. Ìwọ sì ti sọ fún mi pé omi tí èyí bá gùn lé ló ń mú un tutù, pé bí wọ́n bá tan án lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ènìyàn ka ení, èjì, kó sì pa á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo dìde láàárín agboolé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àdúà tòní kúrú. Herbert ní yóò gbóná."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni rí kòkòrò nínú ẹ̀wà. "Sàlàhúdíìnì, lọ́jọ́sí o ní fìríìjì mi fẹ́ bú gbàmù. Ṣé ó ti bú?"

"Kò tíì bú, ẹ̀gbọ́n."

"Jókòó."

Mo jókòó. Ohun tó ń ṣe ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣàníyàn nìyẹn: ọjọ́ tí ejò bá wá wọlé lóòótọ́, wọn a ní kó lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Ánábì Ádámù. Wọn kò fo ánábì kankan. Wọ́n dé orí bàbá ńlá wa, wọ́n sinmi níbẹ̀, wọ́n sì tún padà sẹ́yìn lọ mú àwọn tí wọ́n gbàgbé. Ẹ́ńjìnì ń ké, àwa ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ pa ojú, mo mí kanlẹ̀. Ṣé a ti bọ́? Fásanmí dìde. Fásanmí ni àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ etí omi tí Àmínù fẹ́ máa lò, Ògún sì ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Ó ní kò sóhun tó burú nínú èyí tí Alájì ṣe, ṣùgbọ́n irin ni irin, ó sì ní ẹni tó ni ín. Ó mú obì àti epo pupa jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí kí Ògún, kò sì dá oríkì náà sí méjì. Ẹ̀sìn méjì tí kì í jọ jẹ ẹran kan náà, orí ẹ́ńjìnì yìí ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan.

Èéfín ló kọ́kọ́ jáde. Òórùn rọ́bà tó ń jóná tẹ̀lé e. Nǹkan kan dún gbàù nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnì sì kú. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. "Àmín," wọ́n ní. "Ó ti gbà á."

Mẹkáníìkì tó tú u wò ní gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ló ti yọ́, ibi tí kò sì yọ́ ni iyọ̀ ti jẹ. Láńre ní tiẹ̀ kò tijú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tan án lórí ilẹ̀, Alájì. Ẹja ni í ṣe. Ta ló ń gbé ẹja jókòó sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó wá máa gbọ́ wáàsí?"

Àmínù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn wọlé, ó sọ báàgì dúdú náà kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń wá bàtà rẹ̀. Kó tó yíjú padà, Ṣùkúrátù ti jókòó lé báàgì náà. Kò sunkún, kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun.

"Màámi, ẹ dìde."

"Ṣé n kò lè jókòó nínú ilé ọkọ mi ni?"

Ibẹ̀ ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi ti wà ní Adigbe kí Láńre tó ṣílẹ̀kùn. Bí mo ṣe bá a ṣe é tó fi gba òkú pupa náà padà, tó sì fi gbẹ̀gìrì pààrọ̀ rẹ̀, kò kan lẹ́tà yìí. Mo kàn jókòó ti àwọn oníbàárà rẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ iyanrìn dókítà fún wọn. Mo lé ewúrẹ́ náà dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ gbẹ̀gìrì, kò sí ibi tí wọ́n lẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní ohun ìfò kankan, àgbà bíi tèmi ni. Ọgbà ẹja kan ló ti ṣiṣẹ́, omi odò lásán ló mọ̀. Òtítọ́ kan ṣoṣo tí Láńre sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, torí mo rí ipẹ́ ẹja lábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò jẹ́ kó gba ilé wa kọjá. Ọ̀yán tààrà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun àti tẹ̀sùbáà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tì í bọ omi ná, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàdúà fún un tẹ̀ lé e wọlé. Herbert, omi mu ẹ̀gbọ́n mi dé orúnkún, wọ́n bọ́ láti orí Bìsìmílàhì sórí Àmín láìyà síbì kankan. Fásanmí dúró lórí òkúta, ó ní Ògún ti gbọ́ láti àná.

Àmínù ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn kí òun lè mọ̀ bóyá ó lè gbé ènìyàn méjì. Gbogbo wọn wò mí. Mo wọ ẹ̀wù amúniléfòó méjì léra, mo di ọmọ náà mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dijú. Gbẹ̀gìrì kò kọ̀, kò wúkọ́. Nígbà tí mo lajú, àárín omi la wà, mo sì ń gbọ́ ohùn kan tí mo rò pé ẹ́ńjìnì ni. Àmínù ló ń rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tó ti dé.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó bi mí pé, "Kí la ó máa ṣe fún un báyìí, Bàbá?"

Mo ní, "Ní ìrọ̀lẹ́, wàá so rọ́bà omi mọ́ ọn, wàá fi omi mímọ́ fọ inú rẹ̀, wàá nù ún, wàá sì bò ó."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí a ń rán ènìyàn o. Ọwọ́ kan ló gbọ́dọ̀ máa ṣe é."

"Ẹ̀yin lẹ ní èyí tí kò ní bèèrè nǹkan lójoojúmọ́ lẹ fẹ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ rí," mo ní, mo sì wo ibòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, ebi a pa á, a sì wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní ti báàgì dúdú, Ṣùkúrátù ti ń kó àlùbọ́sà sí i. Mo gbóòórùn ìwé ìrìnnà náà lánàá. Kò sí aṣọ́bodè tí kò ní sunkún bó bá ṣí i.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé gan-an nìyí. Àmínù ní òun yóò wá gbé ọ ní Sátidé láti wá wo ẹ́ńjìnì náà. Èmi àti ìwọ mọ̀ pé omi odò kì í ṣe omi òkun. O ti sọ fún mi pé ẹni tó bá ń lo omi odò lè fi odindi ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ láìfọ nǹkan kan, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni. Yóò bi ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Yóò ní, "Bàbá Papalanto, ṣé lójoojúmọ́ ni lóòótọ́?" Mo fi ọdún tí a fi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà bẹ̀ ọ́, fa ojú ro bí o ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ṣòro, kí o sì wí fún un pé, "Lójoojúmọ́ ni, ọmọ mi. Lásìkò Iléyá, kó di ẹ̀ẹ̀mejì."

Kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ fún mi. Bá mi kí gbogbo ará ilé, má sì gbàgbé páànù yẹn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà ṣòkòtò péńpé, tí ẹ̀wù rẹ̀ ṣì ń rùn bí omi Ọ̀yán,

Sàlàhúdíìnì.