Ṣọ́bìrì Mi Wà Nínú Kóòtù Télọ̀

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́, ṣé ara wọn le? Iṣẹ́ ń kọ́, àti ọ̀gá yín tó máa ń jókòó sínú ọ́fíìsì onígíláàsì tó ń wò yín láti òkè délẹ̀? Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìrójú. Ẹ ò ní jáde láàárọ̀ kí a máa wá yín nírọ̀lẹ́. Ohun tó ń sọnù lọ́wọ́ mi níbí kò ní sọnù lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀. Àmín.

Kí o tó kà síwájú, yẹ ẹ̀yìn àpòòwé wò ná. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo sì fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́. Bí ojú àtàǹpàkò tó wà níbẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe tèmi, ẹnìkan ti kà á. O lè máa wò ó pé kí ló dé tí bàbá ò kúkú pè mí. Mi ò lè pè ọ́. Fóònù wà nínú ìkòkò ní yàrá, mo dé e lómọrí, mo gbé ìrọ̀rí lé e, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kan òun náà.

Gbogbo ilé wà. Òjò ń rọ̀ dáadáa, tòmátò ti ń so, ewé elégédé sì ti bo gbogbo ìdí ọgbà débi pé ènìyàn ò rí ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó àbúrò mi tó ń gbé iwájú ilé ń kí ọ. Ó ní ikọ́ òun ò tíì lọ. Mo ní pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ìgbà tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbà irinṣẹ́ mi ni ikọ́ yẹn máa ń le jù. Ó jọ ìgbà tí ènìyàn ń wúkọ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wò.

O mọ àbà yẹn, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé. O mọ ògiri tí ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kan ìṣó sí, tó fi èédú ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sídìí ìṣó tirẹ̀, ọkọ́ níbí, àdá níbẹ̀, ṣọ́bìrì ọwọ́ lókè fèrèsé, kí ẹni tó bá wọlé lè mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lára ògiri yẹn. Mà á ṣiṣẹ́ lọ́gbà di ọ̀sán, mà á wọlé lọ jẹun, mà á sinmi díẹ̀, nígbà tí mo bá padà dé àbà, àwòrán ṣọ́bìrì nìkan ló kù lára ògiri. Ṣọ́bìrì ti lọ. Mà á wá a títí, mà á pariwo títí àwọn ará ilé á fi sá jáde. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mà á bá a lórí ìṣó rẹ̀, ó mọ́ fínnífínní, ó ń dán, wọ́n tún ti fi òróró pa á. Irú olè wo nìyẹn, tó ń jí nǹkan lọ́sàn-án tó ń fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà? Olè tó mọ̀wé ni. Olè tí kò mọ̀wé ì bá ti gbé e lọ tán.

Mo gbé ṣọ́bìrì yẹn símú. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n ní gbogbo àdúgbò yìí, ẹnìkan ṣoṣo ló ní ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ni télọ̀, ọ̀rẹ́ mi, tí ọgbà igi kan ṣoṣo pààlà èmi àti òun. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti rán aṣọ ilé ìwé rẹ. Ẹni tó súnmọ́ni ló ń mọ ibi tí nǹkan ẹni wà.

O rántí ohun tí o sọ nígbà tí mo fẹjọ́ yìí sùn ọ́. O fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé ṣé kì í ṣe pé mo gbàgbé wọn sáàárín ebè. O ní bí nǹkan bá ṣì ń sọnù nígbà tí òjò bá dá, ìwọ àti ọkọ rẹ á gbé mọ́tò wá kó mi, pé ẹ ti kun yàrá ẹ̀yìn dè mí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti sùn ní yàrá yẹn rí. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, gbogbo ilẹ̀ ilé yín sì jẹ́ táìsì, kò síbi tí ènìyàn lè ti kóró ata kan bọlẹ̀. Mo wá rò ó pé bí olè bá wà, ọ̀ràn àdúgbò ni, mà á dúró sílé mi kí n bójú tó o. Bí olè ò bá sí, a jẹ́ pé orí mi ni. Nítorí náà, olè gbọ́dọ̀ wà. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ gbogbo ènìyàn.

Àwọn bọ́tìnnì funfun tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, o ṣeun, o ò ní ráhùn. Ìyàwó àbúrò mi ka ìwé inú rẹ̀ fún mi, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù fún ojú mi. Ó ní o ti fún wọn lórúkọ, èyí ń jẹ́ Ṣọ́bìrì, èyí ń jẹ́ Àdá, èyí ń jẹ́ Ọkọ́, pé kí n so wọ́n mọ́ irinṣẹ́, ibi yòówù tí irinṣẹ́ bá wà, ìwọ á máa rí i lórí fóònù tìrẹ níbẹ̀. Bí mo ṣe gbé wọn sórí tábìlì ni fóònù tèmi náà dá sí i. Ó bi mí pé ṣé mo fọkàn tán nǹkan yìí. Mo ní rárá, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí o fọkàn tán àlejò, òun àti àlejò náà ti jọ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù ti ń sùn nínú ìkòkò, àyàfi bó bá dún.

Mo wá ro ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì náà dáadáa. Ṣọ́bìrì ò lẹ́sẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá ń jẹ iṣu ènìyàn, ṣé iṣu la máa ń so mọ́lẹ̀ ni àbí ewúrẹ́? Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lẹ máa ń so iṣu. Nígbà tí télọ̀ wá wọn ṣòkòtò mi, tó bọ́ kóòtù rẹ̀ sórí àga tó lọ fọwọ́, mo mú abẹ́rẹ́, mo rán bọ́tìnnì Ṣọ́bìrì mọ́ abẹ́ aṣọ inú kóòtù náà. Mo ju Àdá sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ìyàwó àbúrò mi. Ọkọ́ ní tirẹ̀, mo fi í pamọ́ kí olè má bàa rí i, ibẹ̀ sì dára gan-an, nítorí èmi fúnra mi ò tíì rántí ibẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o fi ń pè mí bí ẹni tí ilé ń jó. O ní bàbá, àdá yín wà ní bánkì. Mo ní kí ló wá gbà níbẹ̀. O tún pè, o ń kígbe, o ní àdá ti wà ní ilé ìwòsàn láti àárọ̀, ta ni wọ́n ṣá. Mo ní kò sẹ́ni tí wọ́n ṣá, ó ń dúró de dókítà ni. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ikọ́ ìyàwó àbúrò mi, ikọ́ gidi ni, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí mò ń ṣọ́. Ó wá ku ẹnìkan. O pè mí nígbà tó yá, ohùn rẹ rọ̀, o ní ti ṣọ́bìrì yìí ò tiẹ̀ yé ọ, ọ̀sán á bá a nílé télọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá sínú ọgbà yín, á máa lọ sókè sódò láàárín ebè. Mo ní kò burú, ó lọ ṣàtúnṣe ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Mo ti rí olè mi. Mi ò ní lọ sí yàrá ẹ̀yìn mọ́.

Bí oòrùn ṣe rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo lọ ba sẹ́yìn àgbá omi, mo di igi ọkọ́ tó ti yọ mú. Kò pẹ́ ni télọ̀ gba ojú ibi tí ọgbà igi ti já wọlé, ó wọ kóòtù. Ó ń rìn láàárín ebè, ó ń la ewé níyà lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ìdí tòmátò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ṣọ́bìrì yọ. Inú ilẹ̀ ló dúró sí, níbi tí mo ti tú ebè láàárọ̀ gan-an. Ó dé ìdí elégédé, ó fa ọkọ́ yọ. Ó mú àkísà lápò, ó nù wọ́n, ó mú agolo òróró kékeré, ó fi òróró pa wọ́n lójú. Ó wá wọ inú àbà, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ sójú àwòrán rẹ̀, kò ṣi ọ̀kan.

Igi ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀, n kò mọ̀. Télọ̀ ò tiẹ̀ ta gìrì. Ó ní òun ti ń rí fìlà mi lórí àgbá láti ìgbà tí òun ti wọlé, òun ń dúró kí ó rẹ̀ mí ni. Mo bi í ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ eléyìí. Ó ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní bí òun bá sọ fún mi, mà á sọ fún ọ, nítorí ẹnu mi ò lè pa nǹkan mọ́ fún ọmọbìnrin mi, ìwọ á sì gbé mọ́tò wá. Ó ní àwọn ọmọ bíríkìlà ti wá kó o lọ sọ́dọ̀ wọn, ti tíṣà àgbà náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, tíṣà yẹn sì máa ń pe òun láti ìlú ńlá láti béèrè pé ṣé òjò rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún kó mi lọ, ta ni òun á máa bá jà.

Ó wá ṣí kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ hàn mí. Bọ́tìnnì wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo fi síbẹ̀ gan-an lòun rí i, pé kò sí télọ̀ tí kò mọ òwú inú kóòtù ara rẹ̀, àti pé kò sẹ́lòmíràn láyé tó lè ránṣọ burúkú báyẹn. Ó ní òun tú u, òun fi òwú onílọ́po méjì tún un rán kó má bàa jábọ́, nítorí bó bá jẹ́ pé mímọ ibi tí òun wà ló máa jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, kí n kúkú máa mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sórí àgbá. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mi ò gọ̀ o, mo fọwọ́ kan àpò rẹ̀ kó tó lọ, mo sì bá tòmátò níbẹ̀. Mo fi sílẹ̀ fún un.

Télọ̀ ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé olè wà, pé a lé e, ó sá. Mi ò lè ṣe é. Irọ́ ni mo máa ń torí rẹ̀ nà ọ́ jù nígbà tí o wà ní kékeré. Olè kan ò sí, ọmọ mi. Èmi ni mò ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́gbà. Ojú rẹ ò tíì pa rẹ́ lọ́kàn mi, mo mọ ilẹ̀kùn mi, mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ. Irinṣẹ́ nìkan ni mò ń gbàgbé.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọ̀dà pupa tí mà á fi kun èèkù gbogbo wọn, kí wọ́n lè máa hàn láàárín ewé, kí n sì ra agolo òróró fún télọ̀, nítorí irinṣẹ́ mi ti mu tirẹ̀ tán. Má gba bánkì. Bánkì yẹn máa ń kọ̀wé sí orí fóònù mi, ó ń pè mí ní oníbàárà òun ọ̀wọ́n, kò sì wá kí mi rí, mi ò mọ ohun tó ń wá. Fún dírẹ́bà mọ́tò tó ń ná ọ̀nà wa. Bá mi wo ibi tí Ọkọ́ wà lórí fóònù rẹ pẹ̀lú, mo ti yí ibùsùn mi délẹ̀, mi ò rí i.

Ṣùgbọ́n ti Ṣọ́bìrì, má fọwọ́ kàn án. Bí o bá tibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, wò ó. Bí o bá rí i tó kúrò nílé télọ̀ tó wọ ọgbà mi, jẹun, kí o sùn, ẹnìkan ń tẹ̀lé bàbá rẹ lẹ́yìn. Ọjọ́ tí o bá rí i tó jókòó sílé tí kò wá mọ́, gbé mọ́tò, kí o máa bọ̀. Mi ò ní jiyàn. Wà á bá ẹrù mi ní dídì.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìwọlé rẹ, á ṣọ́ ìjáde rẹ. Ẹni tí yóò máa ṣa tìrẹ jọ bí o bá darúgbó, o ò ní ṣe aláìní in.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò tíì sọnù.